Orí Kẹrin: Ohun Tí Ọpọlọ Ń Jẹ

Ní ọdún 1960, dókítà ààrùn ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò fún un. Orí wọn á gbóná tí wọ́n bá ti ṣíwèé. Ẹlòmíràn á ní ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Ojú wọn á máa ṣe bàìbàì. Wọ́n á ka ojú ìwé kan tán, wọn ò ní lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Prince pè é ní “brain fag”, orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń lò, orúkọ yìí sì wọ inú ìwé ìṣègùn káàkiri àgbáyé.

Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Morákinyọ̀ ní Ifẹ̀ padà sídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó rí i pé oorun kì í tó ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe, àti pé wọ́n ń lo ohun tó ń lé oorun kúrò lójú kí wọ́n lè kàwé mọ́jú.

Ẹni tó bá mọ Ìlaròó, ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lásìkò ìdánwò mọ irú ìrírí yìí dáadáa. Láti ọdún 1979 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Pólì sílẹ̀ níbẹ̀, àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fi obì àti ẹlẹ́rìndòdò jí sílẹ̀ di àfẹ̀mọ́júmọ́, tí wọ́n sì fi gàrí mímu ṣe oúnjẹ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò tó jáde nílé láìjẹun, tó ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì ní aago mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣòwò tó ti jí lọ sí ẹnubodè Ìdírókò láti aago márùn-ún àárọ̀, tí oníbàárà ò gbọdọ̀ ná ọjà méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jágbe mọ́ ọn. Ọ̀lẹ ni wọ́n á pe ọmọ. Onínúfùfù tàbí oníjọ̀ngbọ̀n ni wọ́n á pe oníṣòwò. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ìdájọ́ ni èyí tí òbí, olùkọ́ àti dókítà sábà máa ń fò: kí ni ẹni náà jẹ, ìgbà wo ló sì jẹ ẹ́?

Ọpọlọ kì í tọ́jú oúnjẹ pamọ́

Ọpọlọ àgbàlagbà kò tẹ̀wọ̀n púpọ̀. Ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ni. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń ná ni ọpọlọ nìkan ń gbà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Iṣan ẹsẹ̀ àti apá máa ń tọ́jú ṣúgà tiwọn pamọ́, ẹ̀dọ̀ náà sì ń tọ́jú èyí tí gbogbo ara á máa lò lóru, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé báyìí ló ń lò báyìí.

Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ara kì í dákẹ́. Ó máa ń tú àwọn omi kan sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline wà lára wọn, kí ẹ̀dọ̀ lè tú ṣúgà tó wà nípamọ́ sílẹ̀. Omi yìí kan náà ni ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bani tàbí tí ìjà bá fẹ́ bẹ́. Ìdí nìyẹn tí àyà ẹni tí ebi ń pa fi ń já, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ kékeré sì ń bí i nínú. Ẹni náà kò pinnu láti bínú. Ara rẹ̀ ti múra ìjà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀.

Bí oúnjẹ ṣe ń dá ṣúgà sílẹ̀ náà yàtọ̀ síra. Búrẹ́dì funfun pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò á gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè kíákíá. Ara á tú ínsúlínì jáde láti kó o wọ inú iṣan, nígbà tó bá sì di wákàtí méjì sí mẹ́ta, ṣúgà náà á ti já wálẹ̀, nígbà míràn kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Fáíbà àti èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ máa ń mú kó pẹ́ nínú ìfun, díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ méjì lè jẹun yó ní aago méje, kí ọ̀kan ṣì máa tẹ́tí sí olùkọ́ ní aago mọ́kànlá, kí èkejì ti gbórí lé tábìlì.

Nígbà tí ebi bá pẹ́ lára

Ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1944, bí ogun àgbáyé kejì ṣe ń lọ sópin, Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ. Ara wọn le, orí wọn sì pé. Àwọn fúnra wọn ló yọ̀ǹda ara wọn, nítorí àwọn dókítà fẹ́ mọ bí wọ́n á ṣe tọ́jú àwọn tí ebi ogun ti bà jẹ́ ní Yúróòpù. Fún ọ̀sẹ̀ 24 lọ́dún 1945, nǹkan bí ìdajì oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn: ànàmọ́, búrẹ́dì, màkàróní. Ẹran kò tó nǹkan.

Àwọn ọkùnrin náà rù, gbogbo ayé ló retí ìyẹn. Ohun tó ya àwọn dókítà lẹ́nu ni bí ìwà wọn ṣe yí padà. Àwọn tó ń ṣàwàdà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí kọ̀rọ̀. Ìbínú wọn ò jìnnà mọ́. Wọ́n ń ráhùn pé àwọn ò lè pọkàn pọ̀ sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ló kù lẹ́nu wọn, àwọn kan tiẹ̀ ń kó ìwé ìdáná jọ, wọ́n ń kà á bí ìwé ìtàn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dán òye wọn wò, òye náà kò dín kù bí àwọn fúnra wọn ṣe rò. Ọgbọ́n wọn wà níbẹ̀. Agbára láti tẹjú mọ́ nǹkan àti láti ní sùúrù ni ebi gbà lọ́wọ́ wọn.

Ó yẹ kí olùkọ́ tó ní ọmọ 40 nínú kíláàsì rántí ìwádìí yìí. Ọmọ tí ebi ń pa lè mọ ìdáhùn kí ó má lè jókòó tì í títí tí yóò fi kọ ọ́.

Kí agogo iléèwé tó lù

Àwọn olùwádìí kan lọ sí ìgbèríko Jàmáíkà láti mọ ohun tí oúnjẹ àárọ̀ lè ṣe. Ìwádìí wọn jáde ní 1998. Wọ́n pín ọmọ 814 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní iléèwé lójoojúmọ́ fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ègé ọsàn kékeré kan àti ìtọ́jú tó dọ́gba. Àwọn tó jẹun wá síléèwé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sanra díẹ̀ sí i, wọ́n ga díẹ̀ sí i, àwọn tó kéré jù nínú wọn sì ṣe dáadáa sí i nínú ìṣirò. Èrè náà kò tóbi lọ títí, ṣùgbọ́n ó dájú, ẹ̀kọ́ tuntun kankan kò sì sí nínú rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn pẹ̀lú ètò O-Meals tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Àwọn obìnrin àdúgbò ló ń se oúnjẹ nígbà náà, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ nítòsí ni wọ́n sì ti ń ra ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Náírà 70 ni wọ́n ṣírò fún ọmọ kan lójúmọ́ nígbà náà, ó sì di 100 ní 2022.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀sán ni ètò náà. Láti ìgbà tí ọmọ ti jẹ oúnjẹ alẹ́ àná di ìgbà tí wọ́n bá bu oúnjẹ fún un ní iléèwé lè tó wákàtí 14. Àárín àkókò yẹn gan-an ni wọ́n sì ń kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà. Ọwọ́ ilé ni àárọ̀ wà.

Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́

Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà sọ̀rọ̀ oúnjẹ Yewa kó má kan ẹ̀gẹ́. Láti Ìlaròó dé Ọjà-Ọ̀dàn, láti Ayétòrò dé Ìmẹ̀kọ, láfún àti gàrí ni òkèlè tó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé. Láfún tó dára kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí yóò fi rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tí òórùn kíkan rẹ̀ á gba àyíká. Wọ́n á kó o jáde, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn títí tó fi máa funfun gbáú, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ọlọ, kí wọ́n sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́.

Ìrẹsómi yẹn ń ṣe ju kó mú ẹ̀gẹ́ rọ̀ lọ. Májèlé kan tó ń jẹ́ sáyánáìdì fara pamọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tútù. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń kan nínú omi, májèlé náà ń já sílẹ̀, ó ń bá omi lọ, èyí tó kù á sì bá oòrùn àti iná lọ. Gàrí náà ń gba ọ̀nà kan náà: rírin, dídì sínú àpò, fífún, kíkan, sísẹ́ àti yíyan. Nígbà tí ọjà bá ń sáré, tí ẹni tó ń ṣe é bá sọ ọjọ́ mẹ́rin di ọjọ́ kan, ojú kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n májèlé tó kù nínú rẹ̀ á pọ̀ sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ló jẹ́ kí ayé mọ ohun tí èyí lè dá sílẹ̀. Lọ́dún 1968, ó kọ̀wé nípa ààrùn kan tó ń bá àwọn ará Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ jà. Ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn tàbí kó kú tipiri, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí wọ́n bá ń rìn, ojú wọn ń ṣú, etí wọn ń di. Ẹ̀gẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ohun tó sì ń bá a rìn kò tó nǹkan. Òṣúntókun so ààrùn náà mọ́ sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ àti àìjẹ oúnjẹ amúaradàgbà tó. Ìwádìí tó jáde ní 2013 láti ilẹ̀ Kóńgò tún fi kún un. Àwọn ọmọ tó wà nínú ilé tí ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa ti sọ ẹnì kan di arọ, bí ẹsẹ̀ tiwọn tilẹ̀ le, kò ṣe dáadáa tó nínú ìdánwò ìrántí àti òye bí àwọn ọmọ abúlé tí ààrùn náà kò dé.

Kì í ṣe pé kí ará Yewa sá fún láfún. Ara ẹni ní ọ̀nà tó ń gbà sọ sáyánáìdì di ohun tí kò léwu, èròjà tó sì ń lò fún un ni sọ́fọ̀ inú oúnjẹ amúaradàgbà: ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà. Nínú 100 giramu láfún tàbí gàrí, èròjà amúaradàgbà kì í sábà kọjá giramu kan tàbí méjì. Nínú 100 giramu ẹ̀wà gbígbẹ, ó lé ní giramu 20. Nítorí náà, ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ ilá kì í ṣe fún adùn nìkan. Òun ló ń mú kí òkèlè pẹ́ nínú, òun náà ló sì ń bá ara pa májèlé.

Oúnjẹ ẹnubodè kan wà tó yanjú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí kò sì wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó wá láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni ẹ̀wà àgọ̀ìn ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á se ẹ̀wà títí tí kò fi ní í sí hóró kan tó le, wọ́n á fi ṣíbí onígi tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á dín ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kíkankíkan pẹ̀lú àlùbọ́sà nínú epo pupa títí tí yóò fi dúdú, tí òórùn rẹ̀ á máa pe ènìyàn láti òpin àdúgbò. Abọ́ kan ẹ̀wà yìí ní aago méje àárọ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀, á gbé ọmọ iléèwé dé ìsinmi láìsí pé orí rẹ̀ ń yí.

Ìdin sányán

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ Yorùbá tó fi hàn kedere pé àìsí èròjà kékeré kan lè da ọpọlọ rú. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn dókítà ní Iléṣà ti ń rí àwọn aláìsàn tó ń dé nígbà òjò. Wọ́n á máa gbọ̀n, wọn ò ní lè dúró, ọkàn wọn á dàrú, ẹlòmíràn ò ní mọ ibi tó wà. Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé ènìyàn. Láti ọdún 1990 sókè, Dókítà Bọ́lá Adámọlékùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìdin Anaphe, irú èyí tó ń hun okùn sányán. Àwọn ènìyàn ń yan ìdin náà, wọ́n ń fi jẹ òkèlè. Nínú ìdin yìí ni èròjà kan wà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, yíyan kò sì pa á.

Fítámì B1 ni ara ń lò láti sọ ìtáàṣì di agbára. Ẹni tó jẹ òkèlè púpọ̀, tí fítámì yìí ti kéré lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó tún wá fi ìdin náà ba èyí tó kù jẹ́, ọpọlọ rẹ̀ á ní ṣúgà nítòsí, kò sì ní lè lò ó. Nígbà tí àwọn dókítà fún àwọn aláìsàn ní fítámì B1, ara wọn yá ju ti àwọn tí wọn ò fún lọ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan ará Yewa tí kì í jẹ ìdin yìí pàápàá. Òkèlè púpọ̀ ń béèrè fítámì B1 púpọ̀. Ẹ̀wà, ẹpa àti ọkà bàbà ní in dáadáa. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, irú èyí tó pọ̀ jù lórí tábìlì ní Nàìjíríà, ní in ju ìrẹsì funfun tí wọn ò bọ̀ lọ, nítorí bíbọ̀ ń lé fítámì náà wọ inú hóró kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé afẹ́fẹ́

Bí ṣúgà bá wà, tí fítámì bá wà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tún gbọ́dọ̀ dé ọpọlọ. Ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń gbé e, èròjà irin sì ni ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò. Ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ìdá 58 nínú 100 àwọn obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, àti ìdá 68 nínú 100 àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59. Ibà àti aràn wà lára ohun tó ń fà á, oúnjẹ náà sì wà níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó á máa rẹ̀ ẹ́, á máa kanra, kò ní fẹ́ bá ẹgbẹ́ ṣeré. Àwọn ilé kan á sì máa yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Ní Embu, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn olùwádìí ṣe ohun kan láti 1998 tó yẹ kó jẹ àwọn ìyá lógún. Ní iléèwé 12, wọ́n fún àwọn ọmọ ní githeri, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, oúnjẹ tó jọ àdàlú tiwa. Wọ́n fi ẹran sí ti àwọn kan, wọ́n fi mílíìkì kún ti àwọn kan, òróró ni wọ́n fi kún ti ẹgbẹ́ kẹta, wọn ò sì fún ẹgbẹ́ kẹrin ní nǹkan. Àwọn ọmọ tó jẹ ẹran ló tẹ̀síwájú jù nínú ìdánwò òye. Lórí pápá ìṣeré, àwọn náà ló ń sáré jù, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ eré, tí wọ́n sì ń ṣáájú ẹgbẹ́.

Ẹran wọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n ìgbín, ẹja kékeré tí wọ́n lọ̀ mọ́ egungun àti ẹ̀dọ̀ ní èròjà irin tí ara tètè ń gbà. Ti inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ ara, àfi tí èso kíkan bá bá a rìn. Ọsàn kan tàbí àgbálùmọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ á mú kí ara gbà á sí i. Tíì tí wọ́n bá mu lé e lórí lójú ẹsẹ̀ á dí i lọ́wọ́, nítorí náà ó dára kí wákàtí kan kọjá.

Obì, ẹlẹ́rìndòdò àti oorun

Káféènì inú obì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Káféènì kì í mú àárẹ̀ kúrò. Ó kàn ń dí ọ̀nà tí ìròyìn àárẹ̀ fi ń dé ọpọlọ. Nínú ara àgbàlagbà, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde. Ẹni tó jẹ obì ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ní ìdajì káféènì náà lára ní aago mẹ́ta òru. Ó lè sùn nígbà tó bá yá, ṣùgbọ́n oorun náà kò ní jinlẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lọ́sàn-án sí ààyè rẹ̀. Ohun tó lè máa ṣẹlẹ̀ sí irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Morákinyọ̀ wádìí nìyẹn: ìwé kíkà mọ́jú ń jẹ ohun tí ìwé kíkà ọ̀sán kó jọ.

Ẹlẹ́rìndòdò tún wá fi ṣúgà kún un. Púpọ̀ nínú wọn ní nǹkan bíi giramu 10 ṣúgà nínú 100 mìlílítà. Ìgò 50cl kan lè ní giramu 50, bẹ́ẹ̀ ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ fún àgbàlagbà ní 2015 ni pé kí gbogbo ṣúgà tí wọ́n fi kún oúnjẹ àti ohun mímu ọjọ́ kan má kọjá nǹkan bíi giramu 50, àti pé bó bá dín kù sí giramu 25, ó dára jù bẹ́ẹ̀. Omi mímu lásán ń ṣe iṣẹ́ tí àwọn kan ń wá lọ sínú ìgò. Bí òùngbẹ bá gba ìdá kan sí méjì péré nínú 100 ìwọ̀n ara lọ́wọ́ ènìyàn, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ kò sì ní í pa pọ̀ mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn Ayétòrò, kò pẹ́ kí ara tó débẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ní oṣù Ramadan mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Sàárì tí wọ́n fi ẹ̀wà, ẹyin àti omi púpọ̀ ṣe á mú ọjọ́ náà fúyẹ́ ju èyí tí wọ́n fi búrẹ́dì àti tíì olóṣúgà ṣe.

Ìbànújẹ́ tó wọra

Ebi ọ̀sán kan ò jọ ìbànújẹ́ tó ti wọra, tí ènìyàn kì í rí adùn nǹkan kan mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àìsàn ni èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Felice Jacka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà wádìí bóyá oúnjẹ lè bá wọn tọ́jú rẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ènìyàn 67 tó ní àìsàn ìbànújẹ́ ló kópa, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn kan ń rí onímọ̀ oúnjẹ tó kọ́ wọn láti jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja, ẹpa àti èso, kí wọ́n sì dín oúnjẹ olóṣúgà kù. Àwọn yòókù ń rí ẹni tó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ìdá 32 nínú 100 àwọn tó yí oúnjẹ padà ló bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà, bẹ́ẹ̀ ìdá 8 nínú 100 ni lára àwọn tó kù.

Ènìyàn 67 kò pọ̀. Ìwádìí tó tóbi jù ú lọ, MooDFOOD, kó ènìyàn 1,025 tó sanra jù, tí inú wọn sì ti ń bàjẹ́ díẹ̀, jọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Yúróòpù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019: hóró fítámì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ náà kò sì dá àìsàn ìbànújẹ́ dúró láti má wọlé. Nítorí náà, oúnjẹ gidi lè ti ìtọ́jú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò dókítà, kò sì sí hóró oògùn kan tó lè rọ́pò oúnjẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti mú ìtọ́jú àti oúnjẹ pọ̀ ní Arò láti ọdún 1954. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí kan ó kéré tán bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Ẹbí yìí ló ń fọṣọ fún un, òun ló ń dáná fún un. Aláìsàn ń gba oògùn lọ́wọ́ dókítà, ó sì ń jẹ ọbẹ̀ tó mọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà Ìdíkàn

Ipa oúnjẹ kì í parí sí ọjọ́ kan. Láti 1992, àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adésọlá Ògúnníyì àti Hugh Hendrie wà lára àwọn aṣáájú wọn, tẹ̀ lé àwọn àgbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn: 2,459 ní Ìbàdàn, 2,147 ní Indianapolis. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ìyàtọ̀ ibẹ̀ pọ̀. Lọ́dọọdún, ààrùn ìgbàgbé ń mú ìdá 1.35 nínú 100 àwọn àgbà Ìdíkàn. Ní Indianapolis, ìdá 3.24 ni.

Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló lè fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn ará Ìdíkàn ń rìn púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò wọ́pọ̀ láàárín wọn bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà náà hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn: ọ̀rá kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù kéré lára wọn. Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì àti ẹja ni oúnjẹ wọn, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi òróró dín ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ wọn lónìí ń jẹ ohun mìíràn.

Ohun tó ṣeé ṣe láti ọ̀la

Ilé tó ń jẹ láfún lè máa jẹ láfún lọ. Kí ó dín ìwọ̀n òkèlè kù díẹ̀, kí ó sì fi owó tó yọ kún ohun tó ń bá a rìn: ẹja, irú, ewédú tó pọ̀, tàbí wàrà àwọn Fúlàní tó ń kiri ọjà Ayétòrò. Mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè lálẹ́ á pẹ́ dé àárọ̀. Ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà sàn fún ọmọ iléèwé ju búrẹ́dì pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò lọ, owó wọn kì í sì í yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń mu gàrí lè da ẹpa ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i. Ẹni tó ń ra láfún tàbí gàrí, kí ó bi olùtà pé ọjọ́ mélòó ló fi rẹ ẹ̀gẹ́ tàbí ọjọ́ mélòó ló fi dì í, kí ó sì máa padà sọ́dọ̀ ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá tọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdánwò, kí obì rẹ̀ má kọjá ọ̀sán, kí ó jẹun kí ó tó wọ gbọ̀ngàn, kí ó sì sùn ní òru tó ṣáájú. Oníṣòwò tó ń lọ sẹ́nubodè lè gbé àdàlú sínú kúlà kó tó jáde, kí ó jẹ ẹ́ kí ọjà tó gbóná.

Olùkọ́ lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ mọ ọmọ tí kò tíì jẹun, láìpè é síta lójú ẹgbẹ́. Bí ọmọ kan bá wá ń jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ṣì ń tòògbé, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá gágá, kí olùkọ́ ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ibà àti aràn. Kí wọ́n sọ ohun tó ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kó tó kọ oògùn.